Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ elédè Sípáníìṣì ní gírámà Gẹ̀ẹ́sì rí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

AdukeHTX
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti tó oṣù méje tí mo ti ń yọ̀ǹda ara mi ní gbogbo Sátidé láti kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì, ní yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kò jìnnà sí òpópónà Bissonnet ní Houston níbi tá a ti ń ra ògúnfe. Àwọn mọ́kànlá ni wọ́n, láti Honduras, El Salvador àti Mẹ́síkò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bi ìyá kan tó wá láti Honduras pé "How old are you?" Ó ní "I have forty-two years." Mo ní rárá, "I am" ni. Ó wò mí títí, ó ní "I am forty-two years... have." Nígbà tó yá, òjò bẹ̀rẹ̀. Ó nawọ́ sí fèrèsé, ó ní "Teacher, is raining." Mo kọ "It" gàdàgbà sójú bọ́ọ̀dù. Ó wá bi mí pé kí ni "it" yẹn. Mo lanu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe là á yé wọn?

Kehinde_Bronx
Ta tiẹ̀ ni "it"? Òjò ń rọ̀. Ó parí.

Tisa_Feyinti
Kẹ́hìndé, má fi ṣeré. Lédè tiwọn, "llueve" ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, olùwà ò sí níbẹ̀ rárá. Ìrù ọ̀rọ̀ ìṣe wọn ló ń sọ ẹni tó ń ṣe nǹkan. "Hablo", èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. "Hablas", ìwọ ni. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi "I" àti "you" ṣe? Gẹ̀ẹ́sì ti gé èyí tó pọ̀ jù nínú ìrù tiẹ̀ dànù, ó wá di dandan kí olùwà wà nílẹ̀, bí ò tiẹ̀ ríṣẹ́ kankan ṣe. "It" yẹn dà bí ọlọ́dẹ tí wọ́n ní kó máa jókòó sẹ́nu géètì ilé tẹ́nì kankan ò gbé.

Kehinde_Bronx
Ọlọ́dẹ ilé òfìfo 😂😂 Tísà, ẹ má pa mí o.

JeKiNRi
Èmi ò tiẹ̀ rí ohun tó burú nínú "I have forty-two years". Ṣebí ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ?

AdukeHTX
Èmi gbọ́. Ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ ńkọ́?

NurseSade
Ẹ jẹ́ n sọ ti wọ́ọ̀dù wa ní London. Ọmọ Sípéènì kan wà lọ́dọ̀ wa, nọ́ọ̀sì bíi tèmi, láti Seville, ọmọ náà já fáfá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló pè pé òun ò lè wá, "I am very constipated." Màmá Ìjẹ̀ṣà kan tó jẹ́ ọ̀gá wa lọ́jọ́ yẹn ló gbé fóònù. Màmá ní kó lọ ra ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa, kó jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà, kó fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lé e. Ọmọ gbọ́ràn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó tún pè, ohùn ẹ̀ ti há pátápátá: òun ṣì "constipated", imú òun ò ṣí, ìgbẹ́ gbuuru sì ti wá kún un. Imú kẹ̀? Ìgbà yẹn ló tó yé wa. Ní Sípéènì, "estoy constipado" ni wọ́n ń sọ bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe wọ́n.

Títí dòní, tí màmá yẹn bá ti rí ìbẹ́pẹ ní kàńtíìnì, ó máa wo ẹ̀gbẹ́ kan.

JeKiNRi
Irọ́. Ọmọ Argentina kan tá a jọ ń gbélé sọ fún mi pé àìlè yàgbẹ́ ni "constipado", bíi ti Gẹ̀ẹ́sì gẹ́lẹ́.

NurseSade
Ǹjẹ́ mo dárúkọ Argentina? Sípéènì ni mo ní. Bí ti Ọ̀yọ́ àti Èkìtì náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ nǹkan méjì.

JeKiNRi
Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìbẹ́pẹ odidi?

NurseSade
Odidi.

OmoIjebu_SE17
Lẹ́tà S ni wàhálà tèmi. Mo bá àwọn ọmọ Kòlóḿbíà àti Ecuador ṣiṣẹ́ ìnulẹ̀ ọ́fíìsì ní ìhà Elephant and Castle ní London fún ọdún mẹ́rin, kí wọ́n tó ti ilé ìtajà ńlá ibẹ̀ pa ní 2020. Aago mẹ́rin ìdájí la máa ń wọlé. Ọ̀gá wa láti Cali, obìnrin tó mọ́ tónítóní, lẹ ìwé kan mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù: "Please use the blues cloths for the toilet." Tó bá wá ń sọ̀rọ̀ èmi fún máníjà, á ní "He work very good." Ẹ wo S, ó sá kúrò lára "work" níbi tó ti níṣẹ́, ó lọ jókòó sára "blue" níbi tí wọn ò ti pè é! Mo bi í léèrè. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, tí aṣọ bá ti pọ̀, àwọ̀ ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ pọ̀. "Trapos azules." Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, a ò fi S kankan síbì kankan, "àwọn" là ń kó síwájú, ó tán. Ó ní kí n kọ́ òun ní Yorùbá, kí òun pa Gẹ̀ẹ́sì tì.

Kehinde_Bronx
Ọ̀gá yẹn gbọ́n. Ẹ ò sì tíì dárúkọ "eschool" àti "estreet".

OmoIjebu_SE17
A ò lè fìyẹn bú wọn. Kí lo ń pe "school" tó o bá wà nílé? Súkúù! S àti K ò lè jókòó pọ̀ lẹ́nu tiwa náà, a fi ú há wọn láàárín. Àwọn fi E síwájú. Orúkọ ìlú wọn gan-an, España ni wọ́n pè é, àwa ní Sípéènì.

Tisa_Feyinti
Ọmọ Ìjẹ̀bú, ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Tí mo bá ṣì wà ní kíláàsì ni, mi ò bá ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Kehinde_Bronx
Ó ku "do". Tààsì ni mò ń wà. Àwọn ọmọ Dominican Republic tó ń wọ mọ́tò mi, "You go to Fordham?" ni wọ́n ń bi mí, wọ́n á kàn gbé ohùn sókè lópin. Ọ̀kan nínú wọn tá a ti di ọ̀rẹ́ ní kí n ṣàlàyé "do" fún òun, ó ti sú òun. Mo ronú títí. Mo wá ní, àmì ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń dorí ẹ̀ kodò síwájú gbólóhùn yẹn, ¿, òun ni "do". Ẹ̀yin ń kọ ọ́, ẹ kì í pè é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àwa náà ní tiwa, "ṣé" ni. ¿Quieres agua? Do you want water? Ṣé o fẹ́ omi? Ọ̀gbẹ́ni yìí lu dáṣíbọ́ọ̀dù mi gbàmù, ó ní ọdún mẹ́fà tí òun ti wà ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan ò sọ ọ́ fún òun bẹ́ẹ̀ rí.

Tisa_Feyinti
O gbìyànjú. Ṣùgbọ́n "ṣé" kì í pa dà. "Do" máa ń di "does", á tún di "did", tó bá sì ti gba ìgbà àtijọ́ sọ́rùn báyìí, ọ̀rọ̀ ìṣe tó kù kò gbọ́dọ̀ gbà á mọ́. Ibẹ̀ ni "Did you went?" ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni "Who came?" kò fẹ́ "do" rárá.

Kehinde_Bronx
Tísà, láàárín Fordham sí Yankee Stadium, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ gbogbo ìyẹn?

JeKiNRi
"Ǹjẹ́" ńkọ́? Ṣé "ṣé" àti "ǹjẹ́" dọ́gba?

Tisa_Feyinti
Wọn ò dọ́gba délẹ̀. Ẹni tó bá ní "ǹjẹ́" ń fi ìfarabalẹ̀ béèrè, tàbí ó ń kàwé.

NurseSade
Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo "ǹjẹ́" fún JeKíNRí lókè yẹn, ìjà ni mò ń bá a jà o.

OmoIjebu_SE17
😂😂😂

Bolaji_Hialeah
Ẹ jọ̀ọ́, tèmi gùn díẹ̀. Ọmọ Kúbà ni ìyàwó mi. Matanzas ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ọmọkùnrin wa tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Sípáníìṣì. Èmi ni tíṣà. Alẹ́ méjì gbáko ni mo lò lórí "white house". "House white" ni wọ́n ń kọ. "Car red." "Coffee hot." Mo fa igi lé gbogbo ẹ̀, wọ́n tún un kọ bẹ́ẹ̀. Mo ti fẹ́ máa bínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta mo wọ kíṣìnnì, mo bá wọn lórí ìdúró níwájú ọ̀nà àbáyọ, igbá kékeré lọ́wọ́. Wọ́n ń ti ìka bọ omi, wọ́n ń ta á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé "omi tuto, ona tuto, ile tuto." Ohùn orí ẹ̀ ti ṣí lọ, kò dún bíi tiwa, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní gbọ́ ọ. Orí mi wú. Mo ní, Bàbá, kí ni "omi tuto"? Wọ́n ní "agua fresca". Mo ní, ẹ gbọ́ o: omi ló ṣáájú, tútù ló tẹ̀ lé e. Agua ló ṣáájú, fresca ló tẹ̀ lé e. Ilé funfun, casa blanca. Àwa méjèèjì la jọ ń rìn bákan náà. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ pé "cold water".

Wọ́n gbé igbá sílẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọn ló wá ń fi ẹ̀yìn rìn." Láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá fẹ́ kọ nǹkan, wọ́n á kọ́kọ́ sọ ọ́ ní tiwọn, wọ́n á wá yí i pa dà. Ó kù "there is two eggs", torí "hay" kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún ẹyin kan àti ẹyin ọgọ́rùn-ún.

JeKiNRi
Ṣé wọ́n gbọ́ Yorùbá ni?

Bolaji_Hialeah
Rárá. Ọ̀rọ̀ àdúrà ni, tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, Lucumí ni wọ́n ń pè é. Wọn ò lè fi tọrọ iyọ̀. Mo kí wọn "ẹ káàárọ̀" nígbà kan, wọ́n ní ta ni ìyẹn.

OmoIjebu_SE17
Mo ka ti Bọ́lájí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Omi bọ́ lójú mi nínú bọ́ọ̀sì.

NurseSade
Ìwọ nìkan kọ́.

Kehinde_Bronx
Ká má parọ́ o, àwa náà ń jẹ̀bi. Ìyá mi ṣì ń pe bàbá mi ní "she". "Ó" kan ṣoṣo la ní fún gbogbo ayé.

Tisa_Feyinti
Àwọn ní "él" àti "ella", ṣùgbọ́n "su" ni wọ́n fi ń ṣe "his", "her", "their" àti "your" pọ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ "my sister and his husband".

AdukeHTX
Ẹ ṣeun gan-an. Lánàá mo kọ ¿ sójú bọ́ọ̀dù, mo kọ "do" sí abẹ́ ẹ̀. Gbogbo wọn ní "aaaah". Mo tún sọ ti ọlọ́dẹ ilé òfìfo fún ìyá Honduras yẹn, ó rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tá a fẹ́ túká, ó fọwọ́ sọ̀yà, ó ní: "Teacher, it is raining." Mo pàtẹ́wọ́. Ó ní: "My sister it is waiting for me in the car."

Kehinde_Bronx
Ọlọ́dẹ ti wọ yàrá.