Kí ló sọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti di aṣáájú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àròkọ lórí ohun tó ń sọni di aṣáájú ni mò ń kọ. Àwọn obìnrin tó kàwé ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kọ́kọ́ kó jọ ní Abẹ́òkúta. Ìgbà tí àwọn ìyá ọlọ́jà wọlé ni ẹgbẹ́ náà gbilẹ̀, tó di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946. Ó pa gáùn tì, ó ró ìró, ó wọ bùbá bíi tiwọn. Wọ́n kóra jọ síwájú ààfin Aláké, ọba Ẹ̀gbá, wọ́n bá owó orí jà, títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949.

Ibi tó ti rú mi lójú rèé: bí mo bá ń to ìwà rẹ̀ nìkan, àròkọ á di oríkì, àwọn tó kóra jọ síwájú ààfin á sì pòórá. Nínú ìpínrọ̀ márùn-ún, mélòó ni kí n fún wọn? Ṣé ìró yẹn ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, àbí owó orí?