Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àbúrò mi fẹ́ ra òjòlá orí igi

ỌmọYábàá: Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Àbúrò mi tá a jọ ń gbé ní Yábàá ló ní ejò lòun fẹ́ máa sìn, èyí tí wọ́n ń pè ní emerald tree boa. Ẹnì kan ti fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ìkan dà bí ewé, ìkan pupa bí epo, ó ní ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni pupa yẹn, òun ló wọ́n jù. Ṣé kò lóró lóòótọ́? Èwo ni kó mú?

Ọlọ́sìn_Múṣin: Kò lóró, ńṣe ló máa ń wé mọ́ eku títí táá fi kú. Àmọ́ kó má tíì sanwó o! Ọmọ wẹ́wẹ́ ejò yẹn ló ń pupa, àwọn míì á dà bí ọsàn, tó bá fi máa pé bí ọdún kan ó ti di àwọ̀ ewé. Àwọ̀ tó máa ṣí ni wọ́n fẹ́ tà fún un. Eyín ẹ̀ ńkọ́? Ó gùn gan-an. Mo ti sin erè rí, ó bù mí jẹ lọ́wọ́, ti èyí á jinlẹ̀ jù ú lọ.

Ọmọ_Àkọkà: Zoology ni mo kà, mo sì fẹ́ràn ejò yìí gan-an. Guyana, Suriname, Venezuela àti àríwá Brazil ni ilé ẹ̀, ti inú igbó Amazon lọ́hùn-ún, 2009 ni wọ́n tó yà á sọ́tọ̀ bí ẹ̀yà mìíràn. Lọ́sàn-án á ká bí òṣùká sórí ẹ̀ka, orí ẹ̀ á wà láàrin gangan, tílẹ̀ bá ṣú á na ọrùn sísàlẹ̀ á máa dúró de eku, àwọn ihò kéékèèké tó wà létè ẹ̀ ló fi ń mọ ooru ara ẹran nínú òkùnkùn. Oúnjẹ kì í tètè dà nínú ẹ̀, àgbà ẹ̀ lè jẹun lónìí kó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tún jẹ, ẹni tó bá ń bọ́ ọ lójoojúmọ́ ń pa á ni. Ibi tó lọ́rinrin ló fẹ́, AC á gbẹ ẹ́ lára. Ó tún wà lábẹ́ CITES, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, Nàìjíríà sì ti wà níbẹ̀ láti 1974, wọn ò gbọ́dọ̀ kó o wọlé láìsí ìwé àṣẹ. Kó béèrè ìwé.

Ìyá_Ìsàlẹ̀Èkó: Ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Ẹ sọ fún un kó má rò pé gbogbo ejò aláwọ̀ ewé ni ò lóró o. Mamba tó wà nínú igbó tiwa níbí, aláwọ̀ ewé lòun náà, orí igi lòun náà ń gbé, oró ẹ̀ ń pààyàn. Tó bá ti mọ́ ọn lára láti máa fọwọ́ kan ejò, lọ́jọ́ tó bá bá ìyẹn pàdé lórí igi máńgòrò ńkọ́?

ỌmọYábàá: Ẹ ṣé mà. Ó béèrè ìwé, ẹni yẹn ti blọ́ọ̀kù ẹ̀. Inú ń bí i, àmọ́ ó ti ka gbogbo èsì yín, ó ní kí n bi Ọmọ_Àkọkà pé ṣé orí igi níbẹ̀ náà ló ń yé ẹyin sí?

Ọmọ_Àkọkà: Kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí, bí wọ́n bá sì ti bọ́ sáyé báyìí ni wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìrù di ẹ̀ka mú. Kó máa bi mí, mo wà níbí.