Kóòṣì wa tó jẹ́ ajagunfẹ̀yìntì: kí la lè kọ sínú ìwé ìrántí wọn?

Ọmọ_Ẹlẹ́ja (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Kóòṣì tó ń kọ́ni léré sísá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa nílùú Ẹ̀pẹ́ ti papòdà. A ti sin wọ́n nílànà Mùsùlùmí, àdúrà ọjọ́ kẹjọ sì ti kọjá. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde fẹ́ tẹ ìwé ìrántí olójú-ewé mẹ́jọ fún fídáù ọjọ́ ogójì, a ó sì sá eré ìrántí ní pápá ilé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Gbogbo èèyàn ló ní ìtàn wọn lẹ́nu, ìtàn ọ̀hún ò sì bára mu.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí: ìwé tí iṣẹ́ ológun fi yọ̀ǹda wọn (November 1967 ni wọ́n wọṣẹ́, wọ́n kúrò ní 1971, ipò kọ́púrà), àmì-ẹ̀yẹ méjì tó ti dúdú, pátákó ilé ìwé tó kọ "100 – 9.9 – 1972" síwájú orúkọ ọmọ kan tí wọ́n kọ́, àti okùn kan tó ní kókó márùn-ún. A wọn kókó náà láti ìdí okùn: 18.9, 20.1, 21.3, 22.6, 23.8 mítà. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí okùn yìí wà fún. Àwọn ọmọ wọn ní bàbá àwọn wà lára àwọn tó gba Bonny nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà. Kí la ó kọ, kí la ó fi sílẹ̀?

Sójà_Àná (Ìkòròdú)

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánńà kẹ́ wọn.

Ẹ yọ Bonny kúrò. July 1967 ni àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó wọṣẹ́ ní November kò lè bá wọn débẹ̀. Wọ́n lè gbé e lọ ṣọ́ Bonny lẹ́yìn náà lóòótọ́, àmọ́ ṣíṣọ́ kọ́ ni gbígbà. Calabar náà ti bọ́ sọ́wọ́ wọn ní October. Bó bá jẹ́ Third Marine Commando, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ológun ìjọba àpapọ̀, ni bàbá wà, ibi tí ọjọ́ wọn lè bá mu ni Port Harcourt ní May 1968, àti Owerri tí ìjọba gbà ní September 1968, tó tún bọ́ lọ́wọ́ wọn ní April 1969, tí wọ́n tún wá gbà padà ní January 1970. Ẹ má kọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ tí ẹ ò bá rí orúkọ bàtálíọ̀nù tàbí bìrìgéèdì nínú ìwé náà. Bó bá jẹ́ First Division, ọ̀nà Nsukka àti Enugu ni. Second Division, ọ̀nà Asaba àti Onitsha.

Àṣìṣe kan wà tó pọ̀ nínú irú ìwé báyìí: "wọ́n gba Port Harcourt lábẹ́ Ọbásanjọ́." Benjamin Adékúnlé ló ń darí Third Marine Commando nígbà náà, May 1969 ni Ọbásanjọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kọ́púrà ni kí ẹ pè wọ́n. Ẹ má sọ wọ́n di ọ̀gágun nítorí pé ẹ fẹ́ yẹ́ wọn sí. Bí orúkọ inú ìwé ológun bá yàtọ̀ sí ti ilé ìwé, ẹ kọ méjèèjì, kí ẹni tí wọ́n jọ jagun lè dá wọn mọ̀. Ní ti àmì-ẹ̀yẹ, ẹ má fi Brasso tàbí eérú bó wọn rárá, lẹ́tà ara rẹ̀ lá parẹ́. Ẹ ya iwájú, ẹ̀yìn àti etí rẹ̀ ní àwòrán pẹ̀lú iná tó wá láti ẹ̀gbẹ́. Ohun tí ẹ bá kà níbẹ̀ ni kí ẹ kọ. Kí ẹ sì tètè sọ fún ẹ̀ka Nigerian Legion (ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì) tó wà lọ́dọ̀ yín, bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ajagunfẹ̀yìntì wá pẹ̀lú aṣọ wọn.

Onífèrè (Àgbádárìgì)

Ẹ ṣọ́ra fún pátákó yẹn. 100 yẹn kì í ṣe mítà. Ọdún 1968 ni ọmọ aráyé kọ́kọ́ sá 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 9.9, Jim Hines ará Amẹ́ríkà sì ni. Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ò lè wá ṣe é l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ lọ́dún mẹ́rin lẹ́yìn náà kí gbogbo ayé má gbọ́. 100 yáàdì ni, ìyẹn 91.44 mítà. Yáàdì la ń sá nílé ìwé láyé ọjọ́un: 100, 220, 440, 880, àti máìlì kan. 9.9 fún 100 yáàdì dáa gan-an fún ọmọ ilé ìwé, kò nílò àbùmọ́. Ẹ kọ "100 yáàdì, aago ọwọ́". Aago ọwọ́ máa ń yára ju ti ẹ̀rọ lọ, torí ẹni tó dì í mú ń pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìbọn bá dún. Nǹkan bí 0.24 ni wọ́n ń fi kún un kí wọ́n tó fi wé ti ẹ̀rọ.

Bí ẹnì kan bá sì sọ pé wọ́n kó ọmọ lọ sí National Sports Festival ní 1971 tàbí 1972, ẹ má gbà. 1973 ni àkọ́kọ́, l'Ékòó.

Ọmọ_Ẹlẹ́ja (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Okùn ńkọ́?

Téèpù_Onírin (Ìkòròdú)

Okùn yẹn gan-an ni ojú ewé kìíní ìwé yín. Òun ni wọ́n fi ń ya pápá 200 mítà oní-lẹ́ẹ̀nì mẹ́rin.

Ẹ wò ó báyìí: ìlà gbọọrọ méjì, 40 mítà lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 80. Ó ku 120 fún igun méjèèjì, tó para pọ̀ jẹ́ òbìrí kan. Ẹni tó ń sáré kì í tẹ ìlà, 20 sẹ̀ǹtímítà síta ni wọ́n ń kà á sí, nítorí náà ìlà inú wà ní 18.90 sí èèkàn tó wà láàárín igun, ẹsẹ̀ asáré sì wà ní 19.10. 18.90 yẹn ni kókó kìíní. Lẹ́yìn rẹ̀, 1.22 mítà fún lẹ́ẹ̀nì kọ̀ọ̀kan: 20.12, 21.34, 22.56, 23.78. Ìlà márùn-ún, lẹ́ẹ̀nì mẹ́rin. Ẹni tó bá fi 19.10 fa ìlà inú ti sọ pápá di 201.26.

Ẹ má fi okùn náà ya pápá mọ́. Okùn àtijọ́ ń nà: bó bá fi 10 sẹ̀ǹtímítà gùn sí i, ìyípo kan á fi 63 sẹ̀ǹtímítà pọ̀ jù. Téèpù onírin ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ kan èèkàn méjì, 40 mítà síra wọn, kí ẹ fi 6-8-10 (onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 6, 8 àti 10) mú un tọ́, kí ẹ wá wọn ìlà inú ní ìdábùú, láti ibi tí ìlà gbọọrọ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí ibi tí ìkejì parí sí lódìkejì: 55.03 mítà ni. Bí ìdábùú méjèèjì ò bá dọ́gba, ẹ tún un kàn. Ẹ má ní "á tó bẹ́ẹ̀".

Ìbẹ̀rẹ̀ fún ìyípo kan: lẹ́ẹ̀nì kejì síwájú ní 7.67, ìkẹta 15.33, ìkẹrin 23.00. Ibi 20 sẹ̀ǹtímítà sí ìlà inú lẹ́ẹ̀nì náà ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n lórí ìlà fúnra rẹ̀, ẹni tó wà nínú ìkẹrin ti rí ẹ̀bùn 20 sẹ̀ǹtímítà gbà.

Ọmọ_Ẹlẹ́ja (Ẹ̀pẹ́)

Pápá wa jẹ́ 104 sí 61 mítà. Láìmù la ti rà láti fi fa ìlà.

Téèpù_Onírin (Ìkòròdú)

Ó gbà á: gbogbo rẹ̀ kò ju 88 sí 48 lọ. Ẹ má sá 100 mítà. 80 ni pápá yín gbà, 3 lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ àti 17 lẹ́yìn òpin fún ẹsẹ̀ tó ń dúró. Ẹ dá láìmù padà. Ìrì àárọ̀ á kàn án, á sì bó àwọn ọmọdé lẹ́sẹ̀. Ọ̀dà funfun olómi ni kẹ́ ẹ rà, ìwọ̀n kan sí omi mẹ́ta, kó sì pọ̀ díẹ̀: ìlà márààrún lápapọ̀ ju 1,000 mítà lọ.

Onífèrè (Àgbádárìgì)

Ẹ jọ̀ọ́, kí ìwé náà tó lọ sílé ìtẹ̀wé, kí mọ̀lẹ́bí fúnra wọn kọ ibi tí wọ́n ti wá. Ẹ ò ní fẹ́ kí Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, ìhà méjèèjì ìlú náà, máa fa kóòṣì mọ́ra wọn lọ́wọ́ nídìí fídáù.