Ìdáhùn: Orin tí a jí dà kì í ṣe "ìgbàlọ́fẹ̀ẹ́"

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Arákùnrin wa kọ̀wé lálẹ́ àná pé kí a sọ "ìgbàlọ́fẹ̀ẹ́" di orúkọ fún kí èèyàn máa wa orin olórin jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dùn létí, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ gan-an ló ti bí mi nínú.

Gbà kì í dá rìn. Ọwọ́ ẹnìkan máa ń wà nídìí rẹ̀. A gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, a gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, adigunjalè tó fipá gba ọkọ̀ pàápàá, ọwọ́ ẹnìkan ló ti gbà á. (Ẹ má fi "mo gbà" ti ẹni tó fara mọ́ ọ̀rọ̀ dá mi lóhùn, ìyẹn yàtọ̀.) Nínú "ìgbàlọ́fẹ̀ẹ́", ọwọ́ ta ni? Arákùnrin wa yọ "lọ́wọ́" kúrò, ó fi "lọ́fẹ̀ẹ́" dí ojú ibẹ̀. Bí olórin fúnra rẹ̀ bá gbé orin fún NotJustOk tàbí tooXclusive, àwọn ìkànnì orin orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ayé lè mọ̀ ọ́n, ẹni tó wà á jáde gbà á lóòótọ́, torí pé ẹni tó ni ín ló yọ̀ǹda rẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà níbẹ̀. Èyí tí ẹlòmíràn yọ nínú sídì tó sì gbé síta láìbéèrè ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlú Ọba ní ìyẹn kò lè jẹ́ olè jíjà. Wọ́n ní bí èèyàn bá jí ewúrẹ́, ìso á ṣófo, ṣùgbọ́n orin ṣì wà lọ́wọ́ olórin lẹ́yìn tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ti dà á, ìyẹn ni pé wọ́n ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, wọ́n ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí n tó mọ àmì ohùn. Ṣùgbọ́n kí ni à ń pe ọmọ tó na ọrùn wo iṣẹ́ ẹni tó jókòó tì í nínú gbọ̀ngàn ìdánwò? Ó jíwèé wò. Ìwé ẹnì kejì rẹ̀ kò kúrò lórí tábìlì, lẹ́tà kan kò dín níbẹ̀, síbẹ̀ "jí" ni àwọn baba wa lò. Jí ò ní kí ọwọ́ olóhun ṣófo dandan. Ohun tó ń sọ ni pé a kò gbàṣẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a máa wí pé "ó jí orin dà", kí ìwà náà sì máa jẹ́ "àjídà".

Ẹnìkan tún kọ "ẹ̀tọ́ àdàkọ́" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fún ohun tí òyìnbó ń pè ní copyright. Àdàkọ ni, ohùn àárín ló gbẹ̀yìn. Kọ́ ni ti ilé-ìwé, kọ̀ ni ti ẹni tí kò gbà. Kọ tí a fi ń kọ ìwé náà la fi ń kọ orin, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan náà tó olórin àti òǹkọ̀wé.

Ẹni tó sì ní àpàlà Haruna Ishola ti di ti gbogbo wa látìgbà tí bàbá náà ti kú lọ́dún 1983, kí ó ka òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ọdún 2022 ti Nàìjíríà. Ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó di ìparí ọdún 2053. Bàbá náà gan-an mọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí, òun àti I.K. Dairo olórin jùjú ló dá STAR Records, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, sílẹ̀ lọ́dún 1969, kí olórin lè ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀.

Aṣọ funfun ni bàbá mi fi ń nu rẹ́kọ́ọ̀dù Haruna kí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ yá a, "Wá gbọ́ ọ níbí" ni wọ́n máa sọ. Ṣùgbọ́n àwọn náà ló ń fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kí n lọ dọ́ọ̀bù orin tí wọn kò ní. Mo máa ń dúró lẹ́nu kàǹtà títí táyà kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì á fi yí tán. Onísọ́ọ̀bù gba owó lọ́wọ́ mi. Kọ́bọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ olórin. "Lọ dà á wá" la máa ń wí nílé, ẹnikẹ́ni ò pè é ní jí, ó sì ń dùn mí títí di òní. Lóde ìnáwó, bàbá mi kan náà kì í gbọ́ orin kí wọ́n má lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Ẹni tó ń da orin sórí fóònù, iwájú orí ta ló lẹ tirẹ̀ mọ́?

Ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ "ìjídà", wọ́n ní ì- ló ń sọ ìṣe dorúkọ. À- náà ń ṣe é: àdàkọ, àfọwọ́rá, àṣejù. N kò tíì yí ọkàn padà.

Ẹni tó béèrè yunifásítì tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ èdè: ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni, nílùú Ọ̀yọ́. Kí òun náà mú gbólóhùn kan ṣoṣo wá tí èèyàn ti gba ohun ìní láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀. Mo ń dúró.