Ìdáhùn lórí orúkọ ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì wa: àwọ̀n, ọ̀wẹ̀ tàbí àáró?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ọ̀rọ̀ èdè jẹ lógún, mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan mú orúkọ wá fún ẹgbẹ́ tí àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀ àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fẹ́ jọ dá sílẹ̀ ní Ifẹ̀ níbí, kí sáyẹ́ǹsì lè yé tolórí tẹlẹ́mù. Orúkọ náà ni Àwọ̀n Ìlanilọ́yẹ̀ Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀. Ìyá wa tó ń kọ́ni ní Iléṣà ní ó dára, bí a bá lè fi Ọ̀wẹ̀ rọ́pò Àwọ̀n. Èmi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, Àáró ló wù mí, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó kọ orúkọ sára pátákó.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ mú kúrò, torí ìyẹn ò pẹ́. Bí ẹ bá dá ẹnì kan dúró ní Ẹ̀nuwá, tí ẹ ní ẹ ń wá àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, Òkè Ìtasẹ̀ ló lè júwe fún yín, kò sì jẹ̀bi. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni Ifá. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ewé àti egbò. Sáyẹ́ǹsì wà lára wọn, òun nìkan kọ́ ló ni orúkọ náà. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ sáyẹ́ǹsì. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ìyá rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n.

Àwọ̀n ńkọ́? Mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi àwọ̀n ṣe àpèjúwe irú àjọṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, kí ló ń wà nínú àwọ̀n? Ẹja ni. Ẹni tó ju àwọ̀n wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ohun tí ọwọ́ tẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mi ò fẹ́ ká pe àgbẹ̀ Gáréèjì Ọlọ́dẹ pé kó wá wọ àwọ̀n.

Ìlanilọ́yẹ̀ ló dùn mí jù, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe àtijọ́ fara pa mọ́ sí. Ní 1985, Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìròyìn kan jáde lórí bí sáyẹ́ǹsì ṣe yé aráàlú sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà nígbà náà ni pé onímọ̀ ló ní, aráàlú ò ní, kí ẹni tó ní ṣáà máa bù fún ẹni tí kò ní. Àfi ìgbà tí àrùn kan láti ara màlúù ba ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn èèyàn jẹ́ níbẹ̀. Ní 2000, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà wọn wá sọ pé kí àwọn onímọ̀ jókòó ti aráàlú, kí wọ́n jọ sọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, àpapọ̀ ẹgbẹ́ ni àwọn COPUS, tí wọ́n fẹ́ kí sáyẹ́ǹsì yé aráàlú, pe ara wọn nígbà tí wọ́n ṣe Ọdún Sáyẹ́ǹsì ní 2009. Kí ló dé tí àwa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn yẹn ti kúrò?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Nígbà òjò kan, kòkó ń dúdú lórí igi lóko wa, ó ń rà. Ẹni tó wá bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kòkòrò ló ń ṣe é. Kò purọ́, kòkòrò àrùn ni a ń pe ohunkóhun tí ojú ò rí tó ń fa àìsàn. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí àgbẹ̀ kòkó mọ̀ ní ẹsẹ̀, ó ní ìyẹ́, ó ń fa omi ara èso mu. Bàbá mi lọ ra oògùn apakòkòrò, wọ́n fín in lẹ́ẹ̀mejì. Owó lọ, kòkó náà lọ.

Phytophthora, ohun abẹ̀mí kan tí ojú lásán ò rí, lohun tó ń ba kòkó yẹn jẹ́. Omi ló fi ń rìn: hóró rẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi òjò títí yóò fi dé ara èso mìíràn. Oògùn tó ní bàbà nínú ló ń dá a dúró, kí a sì máa já èso tó ti rà dànù, kí a máa gé ẹ̀ka kí atẹ́gùn lè ráyè wọ inú oko. Oògùn apakòkòrò ò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo jókòó ti Bàbá, mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì. Mo wá ọ̀rọ̀ tì. Wọ́n mú èso dúdú kan nílẹ̀, wọ́n fi ìka ra nǹkan funfun tó bo ara rẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé bí búrẹ́dì ṣe ń bu lo fẹ́ sọ? Kòkó ló bu yẹn.” Ó tán. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ ọ yé, torí kò sẹ́ni tí í fín apakòkòrò sí búrẹ́dì tó bu. Onímọ̀ lè ní Phytophthora kì í ṣe ebu gan-an, pé ẹbí rẹ̀ wà lára ohun tó ń hù nínú òkun. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ ebu gbé àgbẹ̀ sún mọ́ òtítọ́, kòkòrò gbé e jìnnà. Ta wá ni ẹni tó la ẹnì kejì lọ́yẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?

Ìdí rèé tí mo fi mú Àáró. Ìyá wa ní Iléṣà, mo gbọ́ yín, ọ̀wẹ̀ ń pe èrò ju àáró lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ni iṣẹ́. Ó se oúnjẹ, wọ́n bá a ro oko, kálukú gba ilé lọ. Nínú àáró, bí a bá ro oko tìrẹ lónìí, tèmi ló kàn lọ́la, iye tí mo sì ro fún ọ ni wàá ro fún mi. Onímọ̀ á mú àyẹ̀wò rẹ̀ wá, àgbẹ̀ á mú ohun tó rí lóko àti ọ̀rọ̀ tó fi ń pè é. Ẹni tí kò bá mú nǹkan wá jẹ gbèsè.

Àbúrò wa kan ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ àáró mọ́. Wọn ò mọ̀ ọ́n torí a ò fi kọ́ wọn. Ní Mọ́dákẹ́kẹ́ níbí, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà ò sì rẹ̀yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá lè fi Yorùbá gbé ẹrù ìṣirò, àáró ò lè wúwo jù fún un.

Orúkọ tí mo mú wá nìyí: Àáró Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì, Ilé-Ifẹ̀. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì há mi lọ́nà ọ̀fun. Mo pe ohun tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi yẹn ní hóró, àmọ́ hóró inú kòkó ni àwọn àgbẹ̀ ń rò. Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe lẹ́búlẹ́bú tó máa ń fò jáde lára olú tó ti gbó lọ́dọ̀ yín?