Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìpẹja méjì yẹn: èyí tí ìdí ẹ̀ tẹ́jú la mú

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ọkọ̀ fáíbà méjì, ẹsẹ̀ bàtà 14 ni gígùn ìkọ̀ọ̀kan, 5 ni fífẹ̀. Ìdí ọ̀kan tẹ́jú, ti èkejì ṣóńṣó. Mo bi yín pé èwo ló yẹ ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún fún adágún Ẹlẹ́yẹlé n'Íbàdàn.

Ìmọ̀ràn tó yanjú ẹ̀ ni pé ká fi ẹ̀yìn òòlù lu pákó ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì ń so mọ́. Ti ọkọ̀ ìdí ṣóńṣó dún bọ̀ọ̀, bí ìgbà téèyàn lu àpò ìrẹsì. A tú síkírù kan níbẹ̀, omi pupa bíi tíì ń ro jáde, èérún pákó rírà sì tẹ̀ lé e. Wọn ò fi nǹkan kan dí ihò síkírù kí wọ́n tó dè é, ibẹ̀ lomi gbà wọlé. Ẹ má tíì wo ọ̀dà ọkọ̀ kankan kí ẹ tó lù ú.

Ìṣirò iye èrò tí ọkọ̀ lè gbà náà ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀: gígùn lọ́nà fífẹ̀, pín in sí 15. 70 pín sí 15 lé díẹ̀ ní 4, ẹni mẹ́rin nìyẹn, kì í ṣe márùn-ún. Nítorí náà ẹnì kan á máa dúró sí etí omi, mi ò ní fi ọmọ kún un.

Ọkọ̀ ìdí títẹ́jú tá a mú náà ò fì bí àwọn ọmọ bá dìde ju ìwọ̀, àmọ́ tí atẹ́gùn bá dé, ó máa ń gbá omi pàpà.

Ó ku koríko ojú omi tó ń lọ́ mọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì tó ń yí nínú omi. Àjẹ̀ la ṣì fi ń la ibẹ̀ kọjá.