Alágbárajù kọ́, èènì kọ́: ẹ má fi orúkọ dá ẹjọ́ fún àwọn ọmọ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, tí mo sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ti wá dé ibi tí mi ò lè dákẹ́ mọ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: àbúrò wa obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá lédè lọ́jọọjọ́ Àbámẹ́ta ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ kí àwọn ọmọ náà bá ara wọn jiyàn láìjà. Orí-ọ̀rọ̀ méjì ló mú wá. Ọ̀kan, nínú Superman àti Batman, àwọn méjì inú ìwé aláwòrán Amẹ́ríkà, ta ni yóò borí ẹnì kejì? Èkejì, ṣé ó yẹ kí wọ́n máa rin àgbọn sórí áísíkiriìmù, àbí wọ́n ń bà á jẹ́ ni? Ó wá ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ méjì fún wọn: alágbárajù fún irú ẹ̀dá tí Superman àti Batman jẹ́, èènì fún ohunkóhun tí wọ́n bá fi sórí áísíkiriìmù.

Mo kí àbúrò mi kú iṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó, tó wá lè dìde dúró fi Yorùbá jiyàn, tí kò kàn fi kí bàbá àgbà lórí fóònù, ohun tó ń wù mí rí nìyẹn. Ìdí gan-an nìyí tí mi ò fi ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kọjá. Ẹ̀bi kan náà ni wọ́n jọ jẹ, n ó sì sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú jù. Bí mo bá ní ata yìí ta jù, mi ò yìn ín. Bí obìnrin bá ní ọkọ òun ń sùn jù, ẹjọ́ ló ń rò. Ẹ to àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ tí jù gbẹ̀yìn wọn síwájú mi: àṣejù, àpọ̀jù, àjẹjù. Èwo ni ẹ lè fi ki ọmọ yín níbẹ̀? Àṣejù tó jẹ́ àgbà wọn, baba àṣetẹ́ la ń pè é. Bí Yorùbá bá fẹ́ fi jù yin ènìyàn, lọ ni wọ́n ń fi tì í lẹ́yìn: Ẹni Ọlọ́lá jù lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó juni lọ, ó lè juni nù. Lọ àti nù ló ya jù méjèèjì sọ́tọ̀ nínú òwe yẹn. Ẹ yọ wọ́n kúrò, kí ẹ wá sọ fún mi èwo ni ti ọlá, èwo ni ti ìyà. Alágbárajù tí àbúrò mi ṣẹ̀dá, ẹni tí agbára rẹ̀ ti pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ ni. Orúkọ tí à bá sọ ọ̀tá Superman nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin láti Ìbàdàn fèsì pé àwọn ọmọ ìwòyí ń sọ pé "ó dùn jù!", oríyìn sì ni. Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ-ọmọ tèmi náà ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà àti ohùn ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ di oríyìn. Ẹ gbé e kúrò lẹ́nu ọmọ, ẹ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, ojú àti ohùn yẹn kò bá a lọ. Ẹ tún ní ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń fi Yorùbá kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, kí á gbà fún yín. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, èmi náà sì kọ́ ọmọ ní gírámà Yorùbá fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìntì. Ọjọ́ orí èmi àti ẹ̀yin lápapọ̀ kò lè sọ jù di jù lọ. (Jù lọ ni mo sì kọ, ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ pọ̀, a ó padà sórí ìyẹn.)

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ gbàgbé jù. Alágbára fúnra rẹ̀ ni mo ń bá jà jù lọ.

Superman tí Jerry Siegel àti Joe Shuster gbé jáde ní 1938, agbára ni tirẹ̀, kò sí àní-àní. Níwájú ìwé àkọ́kọ́ náà, mọ́tò ló gbé sókè lódindi tó fẹ́ là á mọ́ àpáta. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1939, ni Batman dé láti ọwọ́ Bob Kane àti Bill Finger. Òun kò ní agbára kankan tó ju ti ẹlẹ́ran-ara lọ. Owó ló ní, àti làákàyè, àti ìbínú ọmọ tí wọ́n pa ìyá àti bàbá rẹ̀ lójú rẹ̀. Bí ìbọn bá bà á, yóò kú. Tí olùkọ́ bá wá sọ fún kíláàsì pé "alágbára méjì la fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí," ó ti parí ìjà náà kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ọmọ tó bá dìde fún Batman, ohun tó gbé ẹni tirẹ̀ dé ẹgbẹ́ alágbára ni yóò kọ́kọ́ máa wá. Orúkọ ti gbè sẹ́yìn Superman. Ìwà àìtọ́ ni kí ọ̀rọ̀ tí a fi ń jiyàn máa gbè sẹ́yìn ẹnì kan nínú ìjà.

N ò ní fi tèmi pamọ́. Ní 1975, nígbà tí ìwé aláwòrán Powerman ń jáde ní Nàìjíríà, tí Dave Gibbons àti Brian Bolland ń ya àwòrán rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀gbọ́n mi máa ń tọ́jú tirẹ̀ sábẹ́ mátírẹ́sì. Ọkùnrin dúdú kan tó sígbọnlẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, èèpo ẹ̀yìn ìwé náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ tán kó tó kàn mí. Alágbára ni a ń pè é nílé wa. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni à ń pè bẹ́ẹ̀, a kò sì fi jù kankan sí i.

Arákùnrin wa tó wà ní Houston ní kí á lo akọ́ni. Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú ohùn òkè lórí kọ́. Mo bẹ yín, akọni, ohùn àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ni ẹni tó láyà. Ẹni tó bá ń kọ́ ni, olùkọ́ ni. Ó ní fóònù òun ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ fún òun. Ìdáhùn wo nìyẹn? Ìyá tó bí mi kò mọ̀wé, kò sì fi ìgbà kankan pe jagunjagun ní tíṣà. Ẹ fi àmì náà sí i fúnra yín, bí ẹ bá ń kọ̀wé sáàárín wa.

Kí ni mo wá fẹ́ ká lò? Ògbójú. Ẹ wo ọdún tí Superman jáde, 1938. Ọdún yẹn kan náà ni Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ síta. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń wá orúkọ tuntun, tiwa ti wà lójú ìwé. Ẹ tún wo àwọn tí Àkàrà-Ògùn, ọdẹ inú ìwé náà, kó lẹ́yìn lọ sí Òkè Lángbòdó. Kùmọ̀ ni ti Kàkó. Ọgbọ́n ni ti Ìmọ̀dòye. Orin ni ti Olóhùn-iyọ̀. Èèmọ̀ ni ti Àràmàdà-Òkùnrin, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ẹ̀bùn rẹ̀ jọ ti ẹnì kejì, ògbójú sì ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ tó gba Kàkó àti Ìmọ̀dòye pọ̀, ó gba Superman àti Batman. Àyà ló ń wò, kì í wo iṣan. Ọmọ méjèèjì yóò bá ara wọn dọ́gba lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá kan nínú wa ti kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pé ògbójú kò dáa létí òun, pé bí ọmọ bá fún àgbà lésì, ohun tí ìyá òun máa ń sọ ni pé "ọmọ yìí mà gbójú o." Òótọ́ ni. Èmi ṣì ń gbà pé gbójú tí ìyá ń bá ọmọ wí fún àti ògbójú tí à ń ki ọdẹ, orí kan náà ni wọ́n ti wá, ibi tí a bá lò ó sí ló ń yà wọ́n. Ìyá ò gbà. A ṣì wà lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan han àbúrò mi kí n tó kúrò lórí èyí, nítorí ó lè wúlò fún un ní kíláàsì. Nígbà tí Superman kọ́kọ́ dé ní 1938, kò tíì máa fò bí ẹyẹ. Ńṣe ló ń ta pọ́nún kọjá orí ilé alájà ogún. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó di ẹni tó ń rá bàbà lójú ọ̀run. Òyìnbó nílò ọ̀rọ̀ méjì fún ìyẹn. Yorùbá ní ó fò. Ó fò ní 1938, ó ń fò títí dòní, gbólóhùn wa kò yí padà. Ọmọ tó bá sì wà lẹ́yìn Batman, kí wọ́n fi òwe yìí lé e lọ́wọ́: àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Kí ó na ìka sí ẹni tó ń fò lókè bó ṣe ń pa òwe náà lọ. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọmọ Superman máa fi fèsì.

Ó ku èènì. Ìyá ìyá mi ta gàrí lọ́jà títí agbára rẹ̀ fi tán. Yóò bu gàrí kún kóńgò títí yóò fi gorí ṣóńṣó, tí díẹ̀ yóò máa ṣàn lulẹ̀ sórí àpò. Yóò dà á sínú ọ̀rá oníbàárà. Ìgbà náà ni yóò wá fi ọwọ́ ọ̀tún bù ú lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́fẹ̀ẹ́, láìwọ̀n, láìkà. Èènì nìyẹn. Oníbàárà ti sanwó tán kó tó dé. Ìfẹ́ ló bù ú. Àgbọn orí áísíkiriìmù ńkọ́? Owó rẹ̀ wà lára pátákó, lọ́tọ̀. Ohun tí a sanwó fún kì í ṣe èènì, ì báà kéré bí ọmọ iná igún.

Kì í ṣe owó nìkan. Ta ló ń kọ èènì? Bí olùkọ́ bá bi àwọn ọmọ pé ṣé ó yẹ ká gba èènì lórí áísíkiriìmù, ẹjọ́ ti tún parí nìyẹn. Ọmọ tó kórìíra àgbọn ti di aláìmoore lójú gbogbo kíláàsì. Ó sì ní ẹ̀tọ́ láti kórìíra rẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ní tèmi, ìyàwó mi kì í fẹ́ rí i, àlàyé rẹ̀ sì mọ́gbọ́n wá: áísíkiriìmù á yọ́ tán lẹ́nu, àgbọn á jókòó sáàárín eyín, a ó wá máa jẹ ẹ́ lásán lẹ́yìn tí adùn ti lọ, bí ẹni ń jẹ orógbó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó bá rò bẹ́ẹ̀ rí ọ̀rọ̀ tí kò dá a lẹ́bi.

Ẹnì kan ní ká pè é ní ìwọ́nlé, nítorí pé a ń wọ́n ọn. Mo kọ́kọ́ fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n a máa ń da oyin sí i, a máa ń gbé èso kan ṣoṣo lé e, àwọn yẹn kì í ṣe wíwọ́n. Wóró ṣúgà aláwọ̀ oríṣiríṣi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún pè, tí wọ́n ń pè ní jimmies ní Boston, òun nìkan ni wíwọ́n bá mu dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni ì- kọ́ ló yẹ níwájú. Ìfikún ni iṣẹ́ tí a ṣe, àfikún ni ohun tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Àfòmọ́ à- ló ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ohun tí ọwọ́ lè bà: àlòkù, àjẹkù, àbùlà. Nítorí náà, àfilé ni mo fi kalẹ̀. Ohun tí a fi lé orí ohun mìíràn, ó tán. Kò yìn ín, kò bú u.

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn yóò ní ẹni tó bá gbọ́ àfilé yóò rò pé "àfi ilé" ni, bí ẹni tó ní kò síbi tó dáa àfi ilé. Ẹ gbọ́, sà, ta ló máa sọ ìyẹn níwájú áísíkiriìmù? Àwọn tó pe ẹ̀rọ rédíò orí ògiri ní asọ̀rọ̀mágbèsì láyé àtijọ́ kò dúró kí ìgbìmọ̀ kankan fọwọ́ sí i. Wọ́n wo ohun tó ń sọ̀rọ̀ tí kò gba èsì, wọ́n pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn ní 1959, ohùn àti àwòrán ni wọ́n rí, amóhùnmáwòrán ni wọ́n pè é. Wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí, wọn kò sọ bóyá ó dáa tàbí kò dáa.

Àbúrò mi, ọjọ́ Àbámẹ́ta ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbìyànjú ògbójú àti àfilé wò pẹ̀lú àwọn ọmọ náà, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí wa bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ẹ má ṣe tún un ṣe.